Ewé Tí Mo Fi Dí Ọ̀nà Oko Ìfọ́n

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sọ́fè, àdá ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Làmídì, ṣé o rí ọ̀pá tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun lọ́hùn-ún yẹn? Ohunkóhun tó bá wà láàrin èmi àti ọ̀pá yẹn, gé e." Bí mo ṣe di ẹni tó ń la igbó fún àwọn sọ́fíyọ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n la ojú ọ̀nà tó lọ tààrà, tí a ń pè ní làìnì, kí ojú ẹ̀rọ ọ̀gá lè rí ọ̀pá. Èmi náà ni mo ń fa ṣéènì, ìyẹn okùn irin tí a fi ń wọn ilẹ̀, èmi ni mo sì ń po sìmẹ́ǹtì sí ìdí píílà tó ń sàmì ààlà ilẹ̀. Mo ṣe é títí irun orí mi fi funfun. Láti Ìlobù títí dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, igbó tí mi ò gba inú rẹ̀ kọjá kò pọ̀, àmọ́ kí n má parọ́, mi ò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀pá ni mò ń wò.

Ohun kan wà nínú gbogbo ohun tí mo gé tí kò kúrò lọ́kàn mi. Mi ò tíì lò tó ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. À ń wọn ilẹ̀ kan ní oko Ìfọ́n, làìnì wa sì lọ kan igi ìyeyè ńlá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Bí igi ńlá bá dí làìnì, ó ní bí a ṣe ń ṣe é: sọ́fíyọ̀ á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, á kọjá igi náà, á sì padà sójú làìnì. Ọ̀gá mi ti ń ṣí ìwé rẹ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ara mi ń yá gágá, àáké mi mú, mo sì fẹ́ kí ọ̀gá rí i pé mi ò kì í ṣe ọ̀lẹ. Igi ìyeyè kì í le. Kí ọ̀gá tó gbójú sókè, mo ti gé e débi tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Obìnrin kan jáde láti inú ahéré pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó wo igi tó wà nílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "O ò tiẹ̀ bèèrè." Ó sì padà wọlé.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu gan-an ò gbàgbé. Bí iṣẹ́ bá tún gbé wa lọ sí apá ibẹ̀, mo máa ń wá àwáwí kí n má baà kọjá níwájú ahéré náà.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni ẹ̀jẹ̀ ríru dé. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi, Kẹ́mi, tí mo lè bí lọ́mọ, wo ìwé mi, ó wo ikùn mi, ó ní, "Bàbá, ẹ máa rìn." Mo ní gbogbo ayé mi ni mo fi rìn. Ó ní, "Iṣẹ́ lẹ fi ń rìn, sà. Ẹ wá máa rìn lásán báyìí." Mo bi í pé ta ló ń rìn láìní ibi tó ń lọ. Nílẹ̀ tiwa, ojú ọ̀lẹ ni wọ́n fi ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi tiẹ̀ ní bí mo bá fẹ́ rìn, kí n kúkú máa ru igi ìdáná bọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ ṣá, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, nígbà tí ẹni tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kò tíì jí. Ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ sí odò Ẹ̀rìnlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ìrì wà lórí koríko, ó rẹ ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi dé orúnkún. Mo dúró, torí pé kò sẹ́ni tó ń pè mí pé kí n yára. Mo gbọ́ àdàbà, mo gbọ́ omi tó ń gba ẹsẹ̀ òkúta kọjá, mo gbóòórùn ẹ̀gẹ́ tí ẹnìkan rẹ sí etí omi. Mo ti gbé ṣéènì sọdá odò yẹn kọjá ohun tí mo lè kà, mi ò sì mọ̀ pé ó ń dún. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀nà ẹsẹ̀ kiri bí ẹni ń wá owó tó sọnù. Mo rí èyí tó gba àárín ọ̀pẹ kọjá, tí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù kódà lọ́sàn-án gangan. Mo rí èyí tó gun orí àpáta pẹlẹbẹ kan níbi tí àwọn obìnrin ti ń sá èlùbọ́, tí èèyàn bá dúró síbẹ̀, á rí òrùlé Ìlobù lápá kan, á rí ti Ìfọ́n lápá kejì, kò sì ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Ọmọ Ìlobù ni bàbá mi, ọmọ Ìfọ́n ni ìyá tó bí mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàrin ìlú méjèèjì tipẹ́, ó sì ti mú ẹkún wá sílé ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àmọ́ lórí àpáta yẹn, màá wo ilé bàbá mi, màá wo ilé ìyá mi, ara á sì tù mí.

Kẹ́mi ló sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ó sọ fún àwọn tó ń tọ́jú, wọ́n sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní Òṣogbo, ká tó ṣẹ́jú, èèyàn ti ń wá ní Sátidé pẹ̀lú bàtà ìsáré, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Sọ́fè. Ẹni tó dùn mọ́ mi jù nínú wọn ni Bàbá Wolé-wolé. Wolé-wolé ni iṣẹ́ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń yẹ ojú àgbàrá àti ìkòkò omi wò nílé onílé. Àpò ìrẹsì kan kì í kúrò ní èjìká rẹ̀. Gbogbo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ojú rẹ̀ bá rí lọ́nà, á bẹ̀rẹ̀, á ṣà á. "Ọ̀nà tó dọ̀tí, àìsàn ló ń pè," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Mo fẹ́ kí àlejò mi gbádùn, mo sì gé ọ̀pá ìtilẹ̀ fún wọn. Ọ̀dà pupa àti funfun kan ṣẹ́kù nílé. Mo fi kùn wọ́n ní ìpele ìpele, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi mọ̀ láti kun ọ̀pá nìyẹn. Wọ́n rẹwà. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Nǹkan kejì tí mi ò rò ni ti ewé. Bí ẹni tó ṣíwájú bá dé oríta nínú oko, tó sì mọ̀ pé àwọn kan ń bọ̀ lẹ́yìn, á já ẹ̀ka eléwé, á fi dábùú ọ̀nà tí òun ò gbà. Ẹni tó bá ń bọ̀ á rí ewé tútù nílẹ̀, á mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kọ́. Bàbá mi ló kọ́ mi. Mi ò ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí mo rò pé gbogbo ẹni tó bá ti jẹ iyán ló mọ̀ ọ́n.

Sátidé kan, nígbà tí òjò ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, tí iṣu ti ń yọ ọ̀mùnú, à ń lọ sí odò. A dé ìdí igi àràbà kan, àwọn mẹ́fà ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò. Kẹ́mi ní kí n máa kó àwọn yòókù lọ, òun á kó wọn bọ̀. Níwájú díẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì: èyí tó fẹ̀ lọ sí oko àwọn ará Ìfọ́n, èyí tó tín-ín-rín lọ sí odò. Mo já ẹ̀ka, mo fi dí èyí tó fẹ̀, a sì gba èyí tó tín-ín-rín. Bàbá Wolé-wolé ló kẹ́yìn wa pẹ̀lú àpò rẹ̀.

A dé odò. A jókòó, a jẹ ẹ̀pà, a sinmi títí oòrùn fi kúrò lẹ́yìn ọ̀pẹ. Kẹ́mi ò dé. Fóònù kì í lọ nínú kòtò yẹn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi àgbà ò wo ẹ̀yìn rárá. Mo ní kí àwọn tó wà lódò má kúrò níbẹ̀, mo dìde. Bàbá Wolé-wolé ní òun á sìn mí.

Bí a ṣe dé oríta, mo wo ilẹ̀. Kò sí ewé.

"Ẹ̀ka kan wà níbí," mo ní.

"Mo ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́," Bàbá Wolé-wolé dáhùn, ojú rẹ̀ sì ń dán. "Ó dí ọ̀nà."

Mi ò lè bínú sí i. Mo sọ ohun tí ewé náà wà fún, ó ní, "Alàgbà Làmídì, èmi ni mo sọ wọ́n nù." Mo ní rárá, àwa méjèèjì ni. A gba ọ̀nà tó fẹ̀ lọ, mo ń yára, nítorí mo ti ń rántí ọ̀dà orí ọ̀pá wọ̀nyẹn.

Níwájú ahéré kan ni a ti bá wọn. Àwọn méjèèje jókòó sílẹ̀, ọkùnrin márùn-ún sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Wọn ò lù wọ́n, wọn ò bú wọn, wọ́n tiẹ̀ ti bu omi fún wọn. Àmọ́ wọ́n ti gba fóònù wọn, wọ́n kó o sínú igbá, wọ́n sì to àwọn ọ̀pá mi sílẹ̀ bí ẹ̀rí ní kóòtù. Èyí tó ṣíwájú wọn, tí wọ́n ń pè ní Gàníyù, tó ọmọ ogójì ọdún lé díẹ̀. Fóònù tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́, Bàbá," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ rán wọn wá wọn ilẹ̀ wa?"

Ọ̀kan nínú wọn tún mi wò. "Bàbá Sọ́fè nìyí. Òun ló máa ń la igbó fún wọn."

Orúkọ tí mo ń gbé kiri bí oyè ló di ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn yẹn. Kẹ́mi ní, "Mo ti sọ fún wọn pé ìrìn lásán la wá rìn."

"Ìrìn lásán," Gàníyù ní. "Èèyàn méje gbé ọ̀pá sọ́fè, wọ́n ń na fóònù sókè nínú oko olóko, wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kan. Bàbá, ta ló ń rìn láìní ibi tó ń lọ?"

Ohun tí èmi náà sọ fún nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Ó ní òun ti fẹ́ pe àwọn àgbà nílé. Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí gan-an nìyẹn. Bí ìpè yẹn bá lọ, kí wọ́n tó kí ìrun ọ̀sán, ọ̀rọ̀ á ti kárí Ìfọ́n pé Ìlobù ti mú sọ́fíyọ̀ wọ oko wọn. Ta ni yóò wá jókòó gbọ́ àlàyé pé àwọn oníṣẹ́ báńkì ló wá na ẹsẹ̀? Ó lè má mọ sórí ọ̀nà ẹsẹ̀ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí mo jù lọ́jọ́ orí, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú kan.

"Gàníyù, dúró ná." Ohùn náà wá láti inú ahéré. Obìnrin kan jáde, ẹ̀gẹ́ tó ń bó wà lọ́wọ́ rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun bíi tèmi. Gàníyù pè é ní ìyá, àwọn yòókù pè é ní Ìyá Kùmásí. Ó wò mí nílẹ̀ níbi tí mo wà. Ojú yẹn ni. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ahéré, mo sì mọ ibi tí mo wà. Gàníyù ni ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ìwọ kọ́ lo gé igi mi?"

"Èmi Làmídì ni, mà," mo ní. "Ẹ ní mi ò bèèrè. Òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀gá mi ti fẹ́ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, èmi ni mo kánjú. Mi ò lè wá bẹ̀ yín láti ọjọ́ náà, ojú ló ń tì mí."

Ó jókòó sórí àpótí, ó bá àwọn ọmọ Òṣogbo sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi kọ́ ló ń bá wí. Ó ní, "Kùmásí ni wọ́n bí mi sí. Ìgbà tí wọ́n lé wa kúrò ní Gáánà, abẹ́ igi yẹn ni bàbá mi ta aṣọ sí fún wa títí ó fi kọ́ ahéré yìí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, igi náà ò ní ewé kan lórí. Mò ń sunkún pé mo fẹ́ padà sílé. Bàbá mi ní kí n máa wò ó, pé bí òjò bá rọ̀, ó máa rúwé, àwa náà á sì rúwé." Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán. "Ó rúwé lóòótọ́." Ó wá yíjú sí mi. "Ní tòní, kí lo wá ṣe?"

Mo ṣàlàyé odò, mo ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ṣàlàyé ewé oríta. Gàníyù ní, "Ewé dà?" Kí n tó ya ẹnu, Bàbá Wolé-wolé ti bọ́ síwájú. Ó da àpò rẹ̀ délẹ̀ níwájú gbogbo wa: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, agolo sàdíìnì, ẹsẹ̀ bàtà kan, àti láàrin wọn, ẹ̀ka tí mo já, ó ti rọ. Ó ní, "Wolé-wolé ni mí. Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

Ìyá Kùmásí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ẹ̀gẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ò lè mú ojú le mọ́. Ọ̀kan ní ìyá òun sọ fún òun pé wolé-wolé lè kó oúnjẹ orí iná dànù, òun ò mọ̀ pé wọ́n ń kó ọ̀nà náà. Gàníyù fi fóònù rẹ̀ sápò. Ó dá fóònù oníkálukú padà. Àmọ́ ó ní ọ̀pá ò ní lọ.

"Ọ̀pá ò lọ," ìyá rẹ̀ ní. "Iṣu ń wá ohun tí yóò fà mọ́. Ìwọ sì, Làmídì, bí o bá fẹ́ gba ibí kọjá, kí o máa wá sọ."

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kírun tán, mo máa ń lọ sí oko yẹn láti sọ pé a ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀pá mi wà níbẹ̀ ní pupa àti funfun, ewé iṣu ti lọ́ mọ́ wọn débi pé ó kù díẹ̀ kí n má dá wọn mọ̀. Ìyá Kùmásí á dá mi lóhùn, á bi mí léèrè àlàáfíà ẹ̀jẹ̀ ríru, á fún mi ní àgbàdo bó bá sun ún. Kò dárúkọ igi. Mi ò sì lójú láti wo ẹ̀gbẹ́ ahéré, ibi tí mo rò pé kùkùté kan ti jẹrà sí.

Lópin àsìkò òjò náà, Sátidé kan, mo dé oríta. Mo nawọ́ sí igbó láti já ẹ̀ka, mo rí i pé ẹnìkan ti ṣe é. Ẹ̀ka kan dábùú ọ̀nà oko, tútù, ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Bàbá Wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó na ọwọ́, ó rántí, ó nà ró, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́. Èmi dúró. Mo mọ ewé yẹn. Ìyeyè ni, kò sì sí igi ìyeyè kan lójú ọ̀nà yẹn, láti àràbà títí dé odò.

Mo ní kí Kẹ́mi máa kó wọn lọ. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ewé náà, mo lọ sí oko. Ìyá Kùmásí wà níwájú ahéré, ó ń to igi ìdáná. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ dáadáa. Láti ara kùkùté tí mo fi sílẹ̀, igi mẹ́ta ti yọ, wọ́n ti ga ju òrùlé lọ, wọ́n nípọn, ewé bò wọ́n. Wọ́n ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí mò ń sá fún wọn.

Mo ní, "Ẹ ṣeun fún ewé, mà. Ẹ ò bá má já a. Ó hàn pé ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan igi yìí."

Ó gbé igi kan lé òmíràn, kò wò mí.

"Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó já a," ó ní.